Ajá Bàbá Mi Tí Kì Í Jẹ́ Ìpè

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìrẹsà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilẹ̀ oko láàárín ara wọn, wọ́n gbé ìbọn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ajá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní kí a tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹran ajá. Ara mi kò gbà á. Ajá ọdẹ ni, pupa, tínrín, ẹranko kan ti fa etí rẹ̀ ọ̀tún ya. Mo gbé e sí búùtù takisí, ó di Ògbómọ̀ṣọ́.

N kò mọ ohun tí mo gbé sọ́rùn. Olùkọ́ ni mí. Láti àárọ̀ títí di aago méjì ni mo fi ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá délé, n óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ajá. Nínú ilé, ó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ti sá níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe adìyẹ, ìbáà ṣe aláǹgbá, etí rẹ̀ di nìyẹn. N óò máa pè é títí ohùn mi yóò fi há. Nígbà tó bá wù ú, á padà dé, n óò gbá a létí, n óò sì so ó mọ́lẹ̀.

Àáfáà kan ni aládùúgbò mi. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ajá yìí já wọ àgbàlá rẹ̀, ó lé àgbò rẹ̀ títí ó fi já okùn. Àgbò náà sá dé ìtòsí oríta Takie kí àwọn ọlọ́kadà tó bá wa mú un. Nígbà náà ó ti ń tiro, àgbò tó ń tiro kò sì ṣe é fi ṣọdún. Mo ra òmíràn dípò rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àáfáà wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó wù mí kó bá mi jà, kò bá mi jà.

"Olùkọ́, ẹ kú ìnira," ó ní. "Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pè é lánàá. Ajá yẹn kò mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí."

"Ẹ má bínú, Àáfáà."

"Mi ò bínú. Ẹ ṣáà wá nǹkan ṣe sí i."

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí Ìrẹsà lọ bá bàbá arúgbó kan tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣọdẹ. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Bó o bá pè é tó sì wá, kí ló máa ń bá lọ́wọ́ rẹ?"

Mo rò ó. "Mo máa ń so ó ni, bàbá. Nígbà mìíràn mo máa ń nà án."

"Ìwọ náà, ṣé wàá wá?"

Ó ní ìpè tí mo ń pè é ti bàjẹ́, kí n wá òmíràn. Ó ní kí n so okùn gígùn mọ́ ọn lọ́rùn, kí n má sì pè é rárá bí okùn kò bá sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí n pè. Bó bá wá, kí n fún un ní ẹran, kí n sì tún jẹ́ kó padà lọ ṣeré. Bó ti wù kó pẹ́ tó kó tó wá, n kò gbọ́dọ̀ nà án.

"Ẹran ìgbẹ́ lo fẹ́ kó fi sílẹ̀," ó ní. "Kò ní fi í sílẹ̀ nítorí ìbínú rẹ."

N kò mọ bí a ti ń súfèé, bí bàbá mi ti máa ń ṣe pe ajá náà, nítorí náà mo ra fèrè bíi èyí tí a fi ń darí eré ìdárayá. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ní Sábó ni mo ti ń ra ẹ̀dọ̀. N óò sè é, n óò gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, a ó lọ sí pápá kan lẹ́yìn àdúgbò. Okùn bó mi lọ́wọ́. Orúnkún mi wú. Òjò pa wá títí òjò fi dáwọ́ dúró, ọyẹ́ dé, ètè mi ń bẹ́ lórí fèrè. Ìgbà méjì ni mo so ó mọ́ igi tí mo ní mi ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kejì, n óò tún mú ọ̀rá ẹ̀dọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ehoro kan bẹ́ jáde nínú koríko, ajá sì já okùn gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀nà Ìlọrin tí àwọn tírélà ń gbà ni ehoro náà forí lé. Gbogbo ara mi ní kí n kígbe. Mo fi fèrè sẹ́nu, mo fun ún lẹ́ẹ̀kan.

Ajá sá díẹ̀ sí i, ó dúró. Ó wo ehoro, ó wo mí. Ehoro sọdá títì. Ajá yí padà, ó rọra ń bọ̀, bí ọmọ tí wọ́n pè kúrò nídìí eré. Gbogbo ẹ̀dọ̀ tó wà nínú ọ̀rá ni mo fún un. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, tèmi ti síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹkún sì gbọ̀n mí. Kì í ṣe ti ayọ̀. Ó rẹ̀ mí ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, n kò tíì jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí òkété ní pápá kan náà. Mo fun fèrè, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó tó wákàtí kan kó tó dé, ẹrẹ̀ bò ó dé ojú. Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a. Mo fún un ní ẹran.

Bí a ti ń lọ sílé, a pàdé Àáfáà. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ajá má baà fara kan aṣọ rẹ̀.

"Ṣé ó ti ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́ nígbà mìíràn, Àáfáà."

Ó wo ajá, ó wo èmi náà. "Ẹ lọ sinmi," ó ní.

Mo ní ó dáa. Ìwé àwọn ọmọ tí n óò máàkì ṣì wà lórí tábìlì.