Ìlà Mẹ́jọ Lára Kọ́ọ̀pù Sójà

Ẹ má bi mí léèrè nǹkan ogun mọ́. Bí mo bá ti rí àṣíborí irin tàbí bẹ́líìtì sójà níbi tí wọ́n tò ó sí fún ìran wíwò, ńṣe ni mo máa ń ṣẹ́rí padà. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà sì kó wọn jọ fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Odindi yàrá kan nílé wa ní àdúgbò Tayi ní Minna ni mo kó wọn sí: ìgò omi tí ọta gbà kọjá, bàtà tí ẹni tó ni ín kò padà wálé, páálí ọta ìbọn. Ìyá mi kì í wọ ibẹ̀. Ó ní òun kò lè máa bá ẹrù òkú gbé inú yàrá. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni. "Hàbà, Màmá, ìtàn ni!"

Kọ́ọ̀pù irin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní àdúgbò Soje ni mo ti rí i. Bàbá rẹ̀ ja ogun abẹ́lé, ó padà wálé, ó darúgbó, ó kú, wọ́n sì ń kó ẹrù rẹ̀ síta. Obìnrin náà ní kọ́ọ̀pù yẹn kì í ṣe ti bàbá òun, pé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sójú ogun ni, bàbá òun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mu omi rí. Mi ò tiẹ̀ bi í pé ta ni ọ̀rẹ́ náà. Ohun tí mo rí lára kọ́ọ̀pù ti gbà mí lọ́kàn. Ẹnì kan ti fi ìṣó ha ìlà mẹ́rin sí i lápá ọ̀tún, ó ha mẹ́rin sápá òsì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, ìlà kan ṣoṣo sì dúró ní àárín.

Kí ni mo sọ pé ó jẹ́? Mo ní iye ènìyàn tí sójà náà pa ni. Mẹ́rin lọ́jọ́ kan, mẹ́rin lọ́jọ́ mìíràn. Ìlà àárín ló pín ọjọ́ méjèèjì níyà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Èmi ni mo jókòó tí mo fi orí ara mi rò ó. Mo ya kọ́ọ̀pù náà ní fọ́tò, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìtàn mi, àwọn ènìyàn ń pín in kiri, wọ́n ń kọ "Kai! Akọni!" sábẹ́ rẹ̀. Orí mi wú.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin kan wá láti Àbújá torí kọ́ọ̀pù yìí. Òun náà ń kó nǹkan ogun jọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Minna níbí. Mo gbé e wá bá a ní pálọ̀. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀. "Wallahi, ẹ̀mí mẹ́jọ! Ṣé ìbọn ló fi pa wọ́n ni àbí ọ̀bẹ?" Èmi òpònú, mo ní ìbọn ni.

Ìyá mi ló ń gbé omi bọ̀ fún àlejò, ó sì gbọ́. Ó gbé omi kalẹ̀. "Gbé e wá kí n rí i." Ó gbà á, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Lẹ́yìn náà ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Àbàjà mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, imú láàárín.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé," ni ó wí. "Kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Àpótí rẹ̀ ni o, àga rẹ̀ ni o, ilà ojú rẹ̀ ló máa ń ha sí i, kí wọ́n má baà gbé e."

Ta ni kò mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n yìí nílé wa? Minna níbí ló ti wọ iṣẹ́ sójà, kò sì padà. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ẹrù. Títí di ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò gbà ká ṣe ìsìn ìrántí fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bó bá ń bọ̀ lọ́nà ńkọ́?

Ìlà ni mo pè é, ilà ni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń wo ojú ìyá tó bí mi!

Ọkùnrin Àbújá ti yọ fóònù. "Màmá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́! Eléyìí tún dùn jù!" Tùẹ̀! Mo dì í lápá mú, mo tì í síta, mo ju bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ń pariwo pé kí ni òun ṣe. Kò kúkú ṣe ohun tí èmi kò tíì ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára. Bàbá Soje pa nǹkan yẹn mọ́ títí ó fi kú, èmi ni mo sọ ọ́ di ìran.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti rí kọ́ọ̀pù náà fún un. Ìyá mi gbé kọ́ọ̀pù náà lé itan.

"Obìnrin Soje yẹn, ó ní ó kú lóòótọ́?"

"Ó ní ó kú, Màmá."

Ó tún fi àtàǹpàkò tọ ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo àwọn tí o sọ fún pé apànìyàn ni," ó wí, "lọ sọ fún wọn pé kò mọ̀wé ni."

Mo kọ ọ́, mo sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn. Ó ní ìtàn ti àkọ́kọ́ yẹn dùn ju èyí lọ.