Àlàpà Tí Ìyá Àgbà Ò Jẹ́ Kí N Kọ

Mo rántí ìgbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mi ò ríṣẹ́, tí mo gbé ọkọ́, tí mo ní n óò máa dáko ní abà bàbá mi tó ti dolóògbé, lẹ́yìn Kúta. Abà ọ̀hún ti tú tipẹ́. Ilé ti wó, ògiri ti di òkìtì, igi ọsàn kan àti ọlọ tó fọ́ sí méjì ló kù. Àmọ́ ta ni ò mọ̀ pé iṣu máa ń ta dáadáa lórí àlàpà?

Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá mi, ló ta kú. Wọ́n ní kí n kọ ebè síbi tó bá wù mí, kí ọkọ́ mi má ṣáà kan àlàpà. Inú bí mi. Mo sọ fún ìyá mi pé, "Kí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí? Ọmọ wo ni wọ́n bí tó máa jogún ẹ̀?" Ìyá mi fọ́ mi létí, gbáà!

Lọ́jọ́ kan, mo yọ́ wọ àlàpà lọ, èmi ọmọ tó kàwé. Níbi tí mo fojú díwọ̀n pé ó jẹ́ yàrá, ọkọ́ mi hú eegun wẹ́wẹ́ jáde. Mo ní eegun adìẹ ni, mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣaworo kékeré méjì tó ti dípẹtà tẹ̀lé e. Inú mi dùn pé mo rí nǹkan àtijọ́. Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé wa ní Ìwó. Mo bá Ìyá Àgbà níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo na ṣaworo sí wọn pé, "Ẹ wo ohun tí mo rí ní àlàpà! Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Ìyá mi ló figbe ta lẹ́nu ọ̀nà: "Yéè! O ti pa mí o! Ìyá ọmọ lo gbé e fún!"

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó sọ fún mi. Ìyá Àgbà bí ọmọbìnrin kan rí ní abà yẹn. Wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì kú náà. Bàbá mi nìkan ló sin ín, bàbá mi fúnra wọn ló sì ní inú ilé ni, àmọ́ wọn kì í fi sàárè ọmọ han ìyá rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nítorí pé Ìyá Àgbà ò mọ ojú ibẹ̀, gbogbo àlàpà ni wọ́n ń ṣọ́.

Eegun adìẹ! Mo ń retí èpè. Ìyá Àgbà fi etí ìró nu ṣaworo náà jẹ́jẹ́.

"Inú ilé lo ti rí i? Kì í ṣe inú igbó?"

"Inú ilé ni, mà."

"Bàbá rẹ ò parọ́ fún mi nígbà náà. Gbogbo ayé ní inú igbó ni wọ́n ju ọmọ mi sí."

Wọn ò bi mí pé yàrá wo, èmi náà ò sọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo padà lọ, mo ṣa eegun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá a padà sílẹ̀, mo fi ọwọ́ mi wa erùpẹ̀ bò ó.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí. Àwọn àbúrò mi fẹ́ tẹ́ àlàpà náà kí wọ́n fi gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń bínú, wọ́n ní kí ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n wa wà níbẹ̀.