Sìlífátù àti Igi tí Sàráà Kò Lè Pa

Èmi ni mo máa kọ ìtàn Sìlífátù, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Dar-es-Salam, àdúgbò wa ní Bouaké, tó lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. N kò jókòó ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kan rí. Ara páálí ọṣẹ àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé fún ara mi, síbẹ̀ olùkọ́ méjì ti wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí mo bá fi ojú rí, mo mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí mo sì rí lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí Bouaké. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Aṣọ ni gbogbo ilé wọn ń tà, òun nìkan ló yà sídìí igi. Inú ọ̀rá omi tí àwọn èèyàn ti mu tán ló ń gbìn ín sí, ó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn Baoulé ń rà á, àwọn Júlà náà ń rà á. Anago onígi, ìyẹn Yorùbá onígi, ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyá Samira.

Bí ẹ bá sọ pé ẹ fẹ́ igi síwájú ilé yín, kò ní bi yín léèrè èyí tó wù yín. Á wá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á máa wo irú ìyà tó wà níbẹ̀: bí oòrùn ṣe ń lù ú, ibi tí mọ́tò ń fi ẹ̀yìn rìn sí, ẹni tó ń da omi ọṣẹ nù, ewúrẹ́ tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà á wá igi kiri ìlú, èyí tí irú ìyà yẹn gan-an ń jẹ tí kò sì kú. Èso tirẹ̀ ni yóò ṣà gbìn. Mo ti rí i tó dúró ti igi kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin fún wákàtí mẹ́ta, tó ń wò ó bí ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́sáláṣí wa ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tó jẹ́. Inú ilé kò gba àwọn obìnrin, ìta gbangba lápá òsì ni wọ́n ti ń kírun Jímọ̀. Igi ńlá tó ń ṣíji bò wọ́n wó lulẹ̀. Oòrùn tó wá ń lu ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: Hàbíbátù, ọ̀kan nínú wọn, gbé ẹyin adìyẹ kan sílẹ̀ lójú mi, kí a tó sálámà, ẹyin ti jinná. Ogójì ọdún ni mọ́tò sì ti ń tẹ ilẹ̀ náà. Ìgbà tí mo lu ọkọ́ mọ́ ọn, iná ló yọ.

Sìlífátù gbin dongóyárò, igi tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò bẹ̀rù ọ̀dá. Ó kú. Ó gbin òmíràn, òun náà kú.

Alàájì Lùkmọ́nù, alága ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ìyá Samira, igi rẹ yá sí ikú ju àwa arúgbó lọ. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí èyí bá tún kú, a ó da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, àwọn èèyàn á máa gbé mọ́tò sí i."

"Àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa kírun nílé. Ta ló lé wọn kúrò nílé?"

 Ṣùgbọ́n èmi àti Sìlífátù jọ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà, Jímọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń fojú kan ara wọn.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Òùngbẹ ló pa igi yẹn. Èmi fúnra mi ń bu omi sí i láràárọ̀, kò tó ni."

"Omi wo, Bàbá?"

"Ìyókù omi àlùwàlá mi. Ó máa ń tó ìlàjì búútà."

"Ta ló tún ń dà á?"

Mi ò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó wá jókòó síbẹ̀ láti ìrun àárọ̀ títí di Àlásàrì. Ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, á da ìyókù sídìí igi, nítorí láádá wà nínú kéèyàn fún ohun ẹlẹ́mìí lómi. Ẹni tó wà lẹ́yìn rí i, òun náà dà á. Àwọn ìyá àgbà tilẹ̀ ń gbé omi ti ilé wọn wá. Búútà ọgọ́ta ni Sìlífátù kà. Lójú tèmi, ó ju igba lọ.

Ó gba ọkọ́, ó gbẹ́ ìdí igi tó kú. Omi wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú àwo, ilẹ̀ líle náà kò jẹ́ kó ríbi lọ. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ń rùn bí ògì tó ti bàjẹ́.

"Òùngbẹ kọ́, Bàbá. Sàráà lẹ fi rì í."

Èmi tí n kì í ṣìnà, mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Mo ní kí a kà á léèwọ̀, kí ẹnikẹ́ni má da omi síbẹ̀ mọ́.

"Ẹni tó ń wá láádá, èmi kọ́ ni n ó dí i lọ́nà," ó wí. "Igi tó lè gba sàráà wọn ni mo máa wá."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rìn. Ó já bàtà méjì, ó dé ọ̀nà Brobo lẹ́yìn ìlú, ó padà. Ní ọjọ́ kejìlá ó ní ká jọ lọ sí àdúgbò Dougouba, sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Igi fúrútù kan ló dúró níbẹ̀. Omi ọṣẹ tó dàpọ̀ mọ́ epo ẹ́ńjìnnì yí ìdí rẹ̀ ká, táyà ti tẹ ilẹ̀ rẹ̀ le bí òkúta, kò sí ilé kan tó dí oòrùn fún un. Síbẹ̀ ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, ó tutù, ó ń dán. Sìlífátù fi ọwọ́ lé ara igi náà. Èmi náà ṣàdédé ṣí fìlà. Mo ti rí ọba rí, mi ò ṣí fìlà báyẹn.

Èso méjìlá ló ṣà. Nígbà tí wọ́n hù tán, ó ń gbé wọn sínú agbada omi fún ọ̀sẹ̀ kan, á gbé wọn jáde sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún gbé wọn padà. Mo ní ìkà nìyẹn.

"Kó jẹ ìyà yẹn lọ́dọ̀ mi kó tó débẹ̀, Bàbá."

Mẹ́sàn-án kú. Nínú mẹ́ta tó kù, kò mú èyí tó ga jù, èyí tí ìdí rẹ̀ ki ló mú. Kò sì gbẹ́ ihò kékeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tú ilẹ̀ náà fẹ̀ tó yàrá kan kó tó gbìn ín.

Ràmàdáànù dé, omi àlùwàlá náà pọ̀ sí i. Ewé mẹ́ta pọ́n, wọ́n já. Alàájì Lùkmọ́nù gbé okùn ìwọnlẹ̀ wá.

"Ó ti ń kú lọ," ó wí.

Sìlífátù fi èékánná ha èèpo igi náà. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. "Alàájì, ẹ wo ara rẹ̀."

Lùkmọ́nù wò ó títí, ó ká okùn rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ewé tuntun ti yọ.

Ọdún kẹta rèé. Ní Jímọ̀ tó kọjá, obìnrin bí ogójì ló wà lábẹ́ òjìji náà. Sìlífátù ní wọn ò ju méjìlélógún lọ. Nígbà tí wọ́n kírun tán, kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn. Wọ́n ń béèrè ara ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alàájì Lùkmọ́nù dúró ti mọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń retí Qoreebah, ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ránṣẹ́ pè é. Ìyàwó ní kí wọ́n bá òun sọ fún un kó máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ àwọn kò tíì tán.