Fláàṣì Tí Bàbá Kọ Orúkọ Ara Rẹ̀ Sí

Bí ẹ bá dé ọjà ìlú Naryn, tí ẹ béèrè ẹni tí ń jí kọ̀ǹpútà tó ti kú, kọ̀ntẹ́nà aláwọ̀ ewé kan ni wọn yóò nawọ́ sí. Toktosun ló ni ín tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, Asylkan, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń ṣí i láràárọ̀. Maksat ọkọ rẹ̀ ti wà ní Yekaterinburg nílẹ̀ òkèèrè láti ọdún mẹ́rin, ó ń mọ ilé onílé. Kò sí ìyá ọkọ mọ́, ọmọ kò sì tíì sí. Ilé oníyàrá mẹ́rin, èèyàn kan ṣoṣo! Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé oníbàárà ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀.

Ohun kan ló gbójú lé. Kí Toktosun tó kú, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fláàṣì kan fún Maksat, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, èyí tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó pe Asylkan, ó ní, "Má fi ránṣẹ́ sí i o. Má sì ṣe é ní méjì. Bó bá fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá ẹ̀, kó wá sílé." Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Maksat kò ráyè wá sìnkú bàbá rẹ̀, ẹkún ló sì máa ń sun lórí fóònù pé bí ìgbà ìrúwé bá dé, òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Fláàṣì yẹn ni okùn tí Asylkan fi so ọkọ rẹ̀ mọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ rí. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, yóò dín búrẹ́dì kéékèèké nílé, bí àṣà ìlú wọn, kí òórùn epo lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú, yóò wá sí ṣọ́ọ̀bù, yóò ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, yóò wò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà, yóò sì yọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í la orúkọ bàbá ọkọ mọ́lẹ̀? Ní Naryn, bí bàbá ti lọ sọ́run náà, èèwọ̀ ṣì ni. Fláàṣì kejì wà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà tó kú kó lè jí. Maksat ló kọ "Toktosun" sí ìyẹn kó tó rìnrìn àjò. Ojoojúmọ́ ni orúkọ náà ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí oníbàárà ń ní kí Asylkan ka ohun tó rí síta, tí ojú ń tì í. Ló bá pa orúkọ fláàṣì iṣẹ́ dà, ó kọ "Àgbà" sí i. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ṣé gbogbo ibi téèyàn bá gbá nínú ilé ló ń ròyìn ni?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki fláàṣì bàbá bọ kọ̀ǹpútà ni tíṣà Nurgazy gbé laptọ́ọ̀pù wọlé.

"Ìyàwó wa, ẹ gbà mí! Ìdánwò àwọn ọmọ ló wà nínú ẹ̀, ó sì kọ̀, kò jí."

"Ẹ jókòó, tíṣà. A máa jí i." Asylkan ki fláàṣì iṣẹ́ bọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá.

Maksat kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó wà lórí fóònù. Bó ti gbọ́ irú ètò tí Asylkan fẹ́ fi ṣe fláàṣì tí yóò jí laptọ́ọ̀pù náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ètò àtijọ́ yẹn lo ṣì ń lò? Ayé ti lọ o, Asylkan! Ìyẹn, bó o bá ti fẹ́ jí kọ̀ǹpútà míì, wàá tún pa fláàṣì rẹ́. Ètò tuntun kan wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa pa á rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o máa dà sí i."

"Èyí tí mo mọ̀ ti tó mi. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà pẹ́."

"Ta ló ní kó o kọ́ ọ? Jẹ́ kí n wọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù láti ibí, kí n ṣe é fún ẹ."

Inú Asylkan dùn. Ó pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ ṣe ohunkóhun fún un. Ó ka nọ́ńbà tí Maksat fi wọlé fún un, ó sì ń wo ọfà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó kọ̀yìn sí i, ó lọ bu tíì fún tíṣà.

Maksat rí "Àgbà", ó rí "Toktosun". Èwo ni yóò mú bí kò ṣe èyí tó rò pé òun fọwọ́ ara òun sọ lórúkọ? Ètò náà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò parẹ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Maksat gbà.

"Ó ti parí! Yọ ọ́, kó o kì í bọ ti tíṣà."

Asylkan nawọ́. Fláàṣì bàbá ni iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"Èwo lẹ mú?"

"Ti iṣẹ́ ni. Èyí tí mo kọ orúkọ Bàbá sí."

"Mo ti pa orúkọ ìyẹn dà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè pè é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín lẹ pa rẹ́ yẹn."

Tíṣà ń mu tíì. Asylkan ki fláàṣì náà bọ laptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì jí. Tíṣà súre fún un pé ọkọ rẹ̀ yóò bọ̀ láyọ̀, ó ṣe àmín.

Ọjọ́ méjì ló fi wá ohun tó parẹ́ náà, ètò yìí kò ṣe é, ó gbé òmíràn. Orúkọ fáìlì náà padà wá, ohùn inú rẹ̀ kò padà. Ó pe Maksat, ó sọ bó ti rí fún un.

"Ọwọ́ mi ni mo fi pa á," ni Maksat wí. "Kí wá ni mo ń bọ̀ wá ṣe nílé báyìí?"

Kì í ṣe pé ìkà ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹyin lọ̀rọ̀. Asylkan jókòó.

"Mo wà nílé," ló sọ. "Èmi wà nílé."

"Mo mọ̀." Maksat ní ọ̀gá ń pe òun, òun yóò pè padà.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, Maksat kò wá; ará Naryn kan tó ti Yekaterinburg bọ̀ gbé àpò kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Fláàṣì tuntun mẹ́ta ni Maksat fi rán an, ó ti ṣe gbogbo wọn tán, wọ́n ṣe tán láti jí kọ̀ǹpútà. Asylkan dojú àpò náà délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n bóyá lẹ́tà wà nísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.