Áírísì tí Meindert sọ lórúkọ ìyàwó rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ òdòdó áírísì bíi Meindert lábúlé wa, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbin àwọn kéékèèké tó máa ń tanná nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ó sì ń gbin àwọn gíga, búlúù àti funfun, gbogbo wọn irú tí ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Nígbà ìtànná, a máa ń rìn láàárín ebè láti fa èyí tó ń ṣàìsàn tu, kí kòkòrò wẹ́wẹ́ má baà gbé àìsàn náà ran ìyókù. Olúkúlùkù ló ń fa ti oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n Meindert á dúró létí oko olóko, á máa pariwo.

“Neeltje! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Gbé ewé yẹn sókè síbi oòrùn! O ò rí ìlà funfun-funfun yẹn? Àìsàn lò ń tọ́jú yẹn o, kì í ṣe òdòdó!”

Opó ni Neeltje. Oko rẹ̀ ló kángun sí ti Meindert, òun nìkan ló sì fi ń jẹun. Á kàn ní, “Ẹ ṣeun, aládùúgbò,” á sì fà á tu. Èmi ni inú máa ń bí. Ẹnu ọkùnrin yẹn ò dára rárá!

Lọ́dún kan, òdòdó búlúù kan yọ lóko Meindert tó ní ìlà dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára, bí ìgbà tí omijé ń ṣàn lójú èèyàn. Ó yà á sọ́tọ̀, ó tọ́jú ìdí rẹ̀, ó ń bí sí i lọ́dọọdún títí ó fi kún odindi ebè. Ó ní irú tuntun ni. Ó sọ ọ́ ní Aafje, orúkọ ìyàwó rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò tọrọ nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó gbé e wá sí gbọ̀ngán tí àwa olóko òdòdó ti ń pàtẹ. “Ẹ wá wo Aafje mi! Ta ló ní irú ẹ̀ rí?” Aafje fúnra rẹ̀ jókòó ti kọfí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Neeltje wo òdòdó náà pẹ́.

“Aládùúgbò, irú ìlà yìí ti pọ̀ lóko mi lọ́dún yìí.”

“Lóko ẹ kẹ̀? O jí i ni?”

“N ò jí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ewé ẹ̀ síbi fèrèsé.”

Meindert fi ẹ̀rín gbé e sókè. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlà funfun-funfun ló kún inú ewé, gbogbo wa la rí i.

“Amùkùn, ẹrù ẹ wọ́!” ni ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn. “Ìsàlẹ̀ ni kó o wò o!”

“Aafje ń ṣàìsàn o!” ni òmíràn fi gbè é.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Aafje dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde láìwo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí ẹnu Meindert máa wọlẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé, n kò lè wò ó lójú.

Ó hú gbogbo ebè náà, ó sun ún, ó sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín.

“Kú nígbà náà,” ni Aafje wí. “Oko Neeltje ńkọ́? Ta ló kó àìsàn bá a?”

Bí Meindert ṣe bọ́ bàtà onígi rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Neeltje nìyẹn.

“Neeltje, ojú ń tì mí. Èmi ni mo ba oko ẹ jẹ́.”

“Mo mọ̀. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ wá bá mi fà á.”

Àwọn ará abúlé dúró lórí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń wò wọ́n. Meindert ń fà á tu, ó ń sunkún. Neeltje ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú garawa, kò pẹ̀tù sí i nínú. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ìdajì oko náà ti di ilẹ̀ lásán.

“Ó ti tán?” ni Neeltje bi í.

Ó wo àwọn tó kù lọ títí.

“Mi ò mọ̀,” ni Meindert wí.

Neeltje gbé garawa náà sílẹ̀. “Ẹ tún un wò,” ló sọ, Meindert sì padà síbi ebè àkọ́kọ́.