Ẹni Tó Ń Kàwé Kì Í Sùn

Nílé ìkàwé wa ní Saskatoon, ní Kánádà, òfin kan wà tí kò sẹ́ni tí kò há a sórí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn. Ẹ fi fóònù pariwo, ẹ jẹ ìpápánu lábẹ́ tábìlì, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Oorun nìkan ló léwu. Oorun ló ń dá ogun sílẹ̀ láyé.

Lorna Wasylyk, tá a ti jọ ń to ìwé fún ọdún mọ́kànlá, wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Emmett, ọkùnrin kan tí kò nílé, kọ́kọ́ wọlé. Òtútù ń gé etí ènìyàn níta. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà dé àyà, ẹ̀wù mẹ́ta ló wọ̀ léra, gbogbo ohun tó ní láyé wà nínú àpò kan. Lorna, akọni obìnrin, sá sẹ́yìn mi, ó di àlùmọ́gàjí mú.

"Ìwọ lọ bá a."

"Èmi kẹ̀? Ta ló mú àlùmọ́gàjí dání nínú àwa méjèèjì?"

Àṣé ìjà tí ọ̀daràn náà bá wá ò ju oorun lọ. Ó jókòó, ó sùn lọ fọnfọn. Duane, ẹ̀ṣọ́ wa, sì ti ń bọ̀. Bó bá ká oorun mọ́ ọn lójú, Emmett ò ní lè wọlé mọ́ títí yìnyín á fi yọ́, òtútù yìí sì ti pa ènìyàn méjì létí odò. Lorna ṣí ìwé kan, ó gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Lorna, ọkùnrin yìí ń sùn," ni mo sọ fún un.

"Ó ń kàwé."

"Ojú ẹ̀ dé, Lorna!"

"Ó ń ro ohun tó kà. Ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀ wò lọ́jọ́ kan."

Duane wo ìwé náà, ó kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà ni Lorna ti ń lọ ṣí ojú ìwé fún Emmett ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń sin oyin ni. Kí oṣù tó parí, Emmett ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ẹnì kan ni inú rẹ̀ ò dùn sí i: Ọ̀gbẹ́ni Garth Pruden. Ọ̀gá báǹkì ni tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé ńlá rẹ̀ ò ṣeé gbé fún un mọ́, ló bá ń wá bá wa ka ìwé ìròyìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èèyàn ńlá ni tiẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́.

"Ẹ ń fi owó orí wa tọ́jú olè," ló sọ fún Lorna. "Lọ́jọ́bọ̀, màá mú ọ̀gá yín wá wò ó bó ṣe ń sùn. Òun á jáde, ìwọ náà á jáde."

Lorna ò lè jẹun. Èmi? Mo padà sídìí ìwé tí mò ń tò, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́bọ̀, Pruden tètè dé, ó jókòó kọjú sí Emmett kó lè máa ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ móoru dáadáa. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, ọ̀gá báǹkì ti ń hanrun. Ìgbà yẹn gan-an ni Duane àti ọ̀gá wa yọ.

Emmett lajú. Ó wo Pruden. Ó mú ìwé oyin kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ṣí i, ó rọra gbé e lé baba náà láyà.

"Ẹ rọra," ló sọ fún ọ̀gá wa. "Wọ́n ti dé ibi tó dùn."

Ọ̀gá wa wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Pruden jí, ó rí ìwé láyà rẹ̀, ó rí ọwọ́ Emmett tó ṣófo. Ó na ìwé náà sí Emmett.

"Ojú ìwé wo lo kà dé?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ẹ bi Lorna. Òun ló ń bá mi ṣí i."