Bí Mo Ṣe Ya Agbo Ilé Wa Sórí Kọ̀ǹpútà

Oṣù tí Mọ́gàjí fẹ́ ta agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àjọṣe àwọn èèyàn. N kò wá ẹ̀kọ́ náà lọ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìfẹ̀yìntì ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ́fíìsì wa ní Àgodi ló kó àwa mẹ́fà sínú yàrá kan fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo lè bí wá pé kó kọ́ wa.

Ẹ̀kọ́ náà kò le. O máa kọ orúkọ ẹnì kan, o máa kọ orúkọ àwọn tó ń tọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sọ olúkúlùkù di róbótó, á wá fa ìlà láti ara ẹni yìí sí ara ẹni yẹn. Ẹni tí ìlà bá pọ̀ lára rẹ̀, róbótó tirẹ̀ á tóbi. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kúrò níbẹ̀, o kàn máa pa á rẹ́, kí o sì wo àwọn tó kù. Fáìlì tó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì la fi kọ́kọ́ dán an wò. Róbótó tó tóbi jù lọ jẹ́ ti obìnrin tó ń tẹ lẹ́tà. Ọ̀gá wa wo tirẹ̀, ó rí i pé ó kéré bí ẹyin iná orí, ó ní ẹ̀rọ náà kò péye.

Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, àbúrò bàbá mi ni. Ó ní ẹnì kan fẹ́ ra gbogbo ilẹ̀ wa kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, pé agbo ilé náà ti tú, ògiri nìkan ló kù. Kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Púpọ̀ nínú wa ti kó lọ, èmi náà ń gbé ní Mólété. Ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré bàbá mi ṣì wà nínú yàrá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Kò bí ọmọ kankan tó yè. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Bí wọ́n bá ta ilé, kò ní ibi tó máa lọ. Ìyẹn ló ká mi lára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Mo lọ bá Mọ́gàjí. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá fi hàn yín pé agbo ilé yìí kò tíì tú."

"Kí lo fẹ́ fi hàn mí?" ló wí. "Ìwọ tó jẹ́ pé ọdún iléyá la fi ń rí ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì gbé e mì. Ó gbà ṣá, nítorí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ òun.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé kiri lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè: bí ara yín ò bá yá lójijì, ilẹ̀kùn ta lẹ máa kàn? Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dárúkọ èèyàn mẹ́ta. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni mo bi. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni ká ṣe kọ ọ́, nítorí náà mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì gbé róbótó mẹ́rìnléláàádọ́ta jáde. Ìlà ń gba orí ìlà kọjá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àlàfo. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ bá Mọ́gàjí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wò ó pẹ́.

"Gbogbo èèyàn wọ̀nyí ló ṣì ń wá ara wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní kò burú, kí gbogbo ẹbí péjọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká jọ sọ ọ́. Mo gba Mapó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mo ra ọṣẹ àti ṣúgà, mo gbé e fún ìyàwó bàbá mi. N kò sọ ìdí tí mo fi rà á fún un.

Nígbà tí mo délé ni mo tó jókòó ka àwọn róbótó náà bí ẹni tó lọ́gbọ́n lórí. Bí o bá ka gbogbo ẹni tó ń gbé nínú agbo ilé náà, tọmọdé tàgbà, wọn kò lè tó ogójì. Níbo ni mẹ́rìnléláàádọ́ta ti wá? Ẹni tó bá mọ ilé wa á ti rí ibi tí mo ti ṣìnà. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Olúkúlùkù á fún un ní orúkọ tó wù ú. Àkọ́bí Mọ́gàjí ń jẹ́ Akọ̀wé lẹ́nu ìyàwó kan, Adúmáadán lẹ́nu èkejì, Bàbá Kékeré lẹ́nu ẹ̀kẹta, mo sì ti sọ ọkùnrin kan ṣoṣo di èèyàn mẹ́ta. Bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n ni mo mọ olúkúlùkù wọn. Èmi tí mo mọ̀ wọ́n ni mo rò pé ẹ̀rọ náà mọ̀ wọ́n. Irú òmùgọ̀ yìí, a kì í rà á lọ́jà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n já sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyẹn kọ́ ló bà mí nínú jẹ́. Ìyá Olówùú, Ìyálé Mi, Màmá Pupa, Àlàájà Ẹ̀yìnkùlé, obìnrin kan náà ni gbogbo wọn: ìyàwó bàbá mi. Bí mo ṣe pa wọ́n pọ̀ ni gbogbo ìlà ń sáré lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, róbótó rẹ̀ sì ń wú. Láàárín àwọn yòókù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Mo pa á rẹ́ kí n lè wò ó. Gbogbo wọn fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Ìdáhùn tirẹ̀ ló wá kù. Orúkọ kan ṣoṣo ló dá: Òpéléńgé. Ọmọbìnrin aránṣọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbé ní yàrá iwájú, ni mo kọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bi ìyàwó bàbá mi kó lè dá mi lójú. Ó ń yọ òwú tó ta kókó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Òpéléńgé tí ẹ sọ lọ́jọ́sí, ṣé aránṣọ iwájú yẹn ni?"

"Èwo ni ti aránṣọ? Kí ni mo fẹ́ wá dé ẹnu ọ̀nà tiẹ̀? Ìwọ ni, ọkọ mi. Kí ni mo ń pè ẹ́ nígbà tí mo wọ ilé yìí? Egungun lásán ni ẹ́ nígbà yẹn."

Mo ti gbàgbé. Mo sanra báyìí, kò sì sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ láti bí ogójì ọdún.

"Mólété ni mò ń gbé, mà."

"Mo mọ̀. Ṣebí mo ní nọ́ńbà ẹ."

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, àwòrán méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi ti àkọ́kọ́ hàn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. N kò fi hàn, ẹ má sì yìn mí sí i. Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá rí i pé obìnrin kan ṣoṣo ló gbé gbogbo wọn dání, ojú á tì wọ́n láti lé e jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹni tó pa á lówe kò sọ ohun tí òtítọ́ máa ṣe lẹ́yìn tó bá bá a tán.

Mọ́gàjí wo àwòrán kejì nípàdé. Ó ní kí n pa róbótó ńlá yẹn rẹ́ níṣojú gbogbo ẹbí, nítorí èmi fúnra mi ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ náà lè ṣe é. Ìyàwó bàbá mi jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Ìlẹ̀kẹ̀ já.

"Ẹ rí i," Mọ́gàjí ló wí. "Ẹnì kan ṣoṣo. Àgbàlagbà sì ni. Bí Ọlọ́run bá pè é lọ́la, kí ló kù nílé yìí?"

Ìyàwó bàbá mi fi ohùn jẹ́jẹ́ bi obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé èmi ni wọ́n yọ kúrò yẹn?" Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta ilé náà, àwọn tó dárúkọ ìyàwó bàbá mi pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè tí mo gbé kiri yẹn. Aládùúgbò mi kan ní Mólété ni mo máa lọ bá. Orúkọ ẹnikẹ́ni láti Bẹyẹrúnkà kò wá sí mi lẹ́nu, àní ti ìyàwó bàbá mi pàápàá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa wó ilé náà. Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ìyàwó bàbá mi ti di ẹrù rẹ̀: àpótí kan, ẹní méjì, búta àlùwàlá, àti àpò òwú. Ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ ibi tó ń kó wọn lọ. Yàrá mẹ́ta ni ilé mi ní. Àwọn ọmọ ti lọ, tábìlì àti kọ̀ǹpútà nìkan ló wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti pè é síbẹ̀. Mo ti rí bí ìlà ṣe ń di ẹrù lé ẹni tó bá gbà á lórí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kan ilẹ̀kùn mi.

Ó sìn mí dé títì. A dúró de mọ́tò pẹ́, ó ń wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí mọ́tò dé, mo ní, "Ó dàbọ̀, mà," mo sì wọ inú rẹ̀.